Orúkọ àwọn ọba Gao: òkúta orí sàárè ni ká tẹ̀lé ni àbí ìwé Tárìkì?

ỌmọIléKéú
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ènìyàn mi, salamalékù fún àwọn tó bá kàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mò ń ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì lórí bí Ìsìláàmù ṣe dé Gao ní Màlì, mo wá ka Tárìkì as-Sudan tí Al-Sa'di ti Timbuktu kọ, gbogbo orúkọ àwọn ọba Za, ìdílé tó kọ́kọ́ jọba ní Gao, ló tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní Za Kosoi ló kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù nínú wọn lọ́dún 400 Hijira, ìyẹn bíi 1009 sí 1010. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí sùpáfáísọ̀ mi ṣe ní kí n lọ wo àwọn òkúta orí sàárè tí wọ́n rí ní Saney nítòsí Gao lọ́dún 1939. Mo wò ó, orúkọ ọba wà lára wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kú, mi ò wá rí èyí tó bá ti inú ìwé mu! Èwo ni kí n tẹ̀lé báyìí? Èwo làwọn tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀ gangan ń tẹ̀lé?

AlfaSàká
Wa aleekumu salaamu àbúrò. Òkúta ni o, má wojú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọba kú ni wọ́n gbẹ́ òkúta tiẹ̀, Al-Sa'di ní tiẹ̀ parí ìwé ní nǹkan bíi 1655, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ó lé ti kọjá láàárín.

Ṣé o sì wo òkúta yẹn dáadáa? Èyí tó dára jù nínú wọn, mábù ni, kì í ṣe òkúta Màlì rárá, Almería ní Sípéènì ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú kúfí, ọwọ́ ìkọ̀wé Lárúbáwá àtijọ́ kan, tí wọ́n fi dárà sí i, wọ́n wá gbé e sọdá òkun, wọ́n tún gbé e la Sàhárà já kó tó dé Gao. Ìgbà yẹn ọwọ́ àwọn Almoravid, Mùsùlùmí tó ń jọba ní Mòrókò, ni Almería wà, 1091 ni wọ́n gbà á. Ẹ fojú inú wo ọba tó máa ránṣẹ́ sí Sípéènì nítorí òkúta sàárè!

Orúkọ wọn gan-an ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tó tún ń yà mí lẹ́nu. Ọba àkọ́kọ́, Abu Abdallah Muhammad, kú ní 1100. Èyí tó tẹ̀ lé e, Abu Bakr ọmọ Abi Quhafa, 1110. Ẹ̀kẹta, Yama ọmọ Kuma ọmọ Zaghi, "tí wọ́n mọ̀ sí Umar ọmọ al-Khattab", 1120. Ṣé ẹ rí i? Ànọ́bì, Àbúbákàrì, Ùmọ́rù, bí wọ́n ṣe tẹ̀léra ní Mẹ̀dínà náà ni wọ́n ṣe tẹ̀léra ní Gao, ẹnìkejì tiẹ̀ gba orúkọ bàbá Àbúbákàrì mọ́ tiẹ̀. Èèyàn tó ṣe irú èyí kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa ẹ̀sìn lẹ́nu oníṣòwò, ó mọ ìtàn àwọn kàlífà látòkè délẹ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin náà ní òkúta níbẹ̀, wọ́n kọ "malika", ìyẹn ọbabìnrin, sí tàwọn kan. Ìyẹn ò sí nínú Tárìkì.

BàbáÌwó
Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì yìí náà sá. Alfa Timbuktu jókòó sílùú ẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó kọ ìtàn bàbá ẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá ní òkúta mẹ́ta mẹ́rin ló mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Nítorí pé òyìnbó ló kà á ni.

ÀǹtíAwalẹ̀
Bàbá, ẹ má bínú sí wa. Kò sẹ́ni tó ní Al-Sa'di purọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí òkúta wọ̀nyẹn jù ni Paulo Fernando de Moraes Farias, ìwé ńlá tó kó gbogbo ẹ̀ jọ jáde ní 2003, ohun tó sọ ni pé àwọn tó kọ Tárìkì ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ rántí pé ọmọ ogun Mòrókò ti fọ́ Songhay, ìjọba ńlá tí Gao jẹ́ olú ìlú ẹ̀, ní Tondibi lọ́dún 1591, ọmọ àwọn jagunjagun yẹn, tí wọ́n ń pè ní Arma, ló ń ṣe ìjọba Timbuktu. Àwọn alfa wá ń wá bí àwọn, àwọn Arma àti ìdílé Áskíà tó ti jọba Songhay ṣe máa jọ gbé pọ̀, ìtàn tó máa so wọ́n pọ̀ ni wọ́n kọ. Wọ́n gba ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àgbà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n tò ó bó ṣe máa wúlò fún ìgbà tiwọn. Èmi ò rí àbùkù kankan nínú ìyẹn, èyí gan-an ló fi hàn pé ọ̀mọ̀wé tó mọ ohun tó ń ṣe ni wọ́n.

Èyí tó le ni Tárìkì al-Fattash. Àbúrò, ṣọ́ra fún ìyẹn o. Ọjọ́ pẹ́ tí gbogbo wa ń lò ó bí ìwé ayé àwọn Áskíà, látinú èyí tí Houdas àti Delafosse tẹ̀ jáde ní 1913. Mauro Nobili àti Mohamed Shahid Mathee wá yẹ àwọn ìwé àfọwọ́kọ náà wò, wọ́n rí i pé alfa kan tó ń jẹ́ Nuh ọmọ al-Tahir, tó wà láàfin Ahmad Lobbo, ọba Mùsùlùmí kan ní Hamdallahi ní Màlì, láàárín 1800 sí 1850, ló mú ìwé àtijọ́ tí Ibn al-Mukhtar kọ, ó tún un kọ, ó sì fi orúkọ ẹlòmíì sí i. Kí nìdí? Nínú ìwé náà, wọ́n ti sọ fún Áskíà Muhammad nígbà tó lọ sí Hájì pé kàlífà kejìlá ń bọ̀, Ahmad ni yóò máa jẹ́. Ẹ ò rí nǹkan, Ahmad Lobbo náà ló wà lórí oyè! Ọgbọ́n òṣèlú gbáà.

Àmọ́ àwọn kan ò gbà pé òkúta àti ìwé ò lè bára mu o. Dierk Lange, onímọ̀ ìtàn ti Jámánì, gbìyànjú láti so orúkọ tó wà lórí òkúta mọ́ àwọn kan nínú ìwé, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì parí láàárín wọn. Tó o bá máa kọ ọ́, kọ ìhà méjèèjì.

ỌmọIléKéú
Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an, mi ò gbọ́ ti Nuh yìí rí, mo sì ti lo al-Fattash ní orí kejì pátá, áà! Ìbéèrè kan tún ni, ká ní kò sí ìwé kò sí òkúta ńkọ́, ṣé ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sọ nǹkan kan?

ÀǹtíAwalẹ̀
Ó sọ ọ́ púpọ̀. Timothy Insoll walẹ̀ ní Gao láàárín 1990 sí 2000, ó rí eyín erinmi tó lé ní àádọ́ta nínú kòtò kan, ó jọ pé wọ́n kó o pa mọ́ láti tà ni, wọn ò sì padà wá kó o mọ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, Mamadou Cissé tó jẹ́ ọmọ Màlì àti Shoichiro Takezawa ti Jàpáàn rí ìpìlẹ̀ ilé òkúta ràgàjì nínú Gao fúnra ẹ̀, èyí tó ti wà látìgbà 900 sí 1000. Cissé náà walẹ̀ ní Saney, àwọn èèyàn ti ń gbébẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ bàbà láti nǹkan bíi 700, ìyẹn ṣáájú òkúta mábù àkọ́kọ́ ní irínwó ọdún.

Àwọn Lárúbáwá náà kọ̀wé nípa ìlú méjì ní Gao. Al-Muhallabi tó kú ní 990 ní ọba Kawkaw, ìyẹn Gao, ní ìlú kan ní ìlà oòrùn odò tí ọjà wà, ó tún ní òmíràn ní ìwọ̀ oòrùn tí òun ń gbé, mọ́sáláṣí wà níbẹ̀, iyọ̀ ló sì kún inú ilé ìṣúra ẹ̀. Àmọ́ ó ní Ìsìláàmù ojú ayé ni ọba ń ṣe. Ẹ má gba ìyẹn náà gbọ́ tán o, ọ̀nà jíjìn ló ti ń wò wọ́n.

IfẹOòyè
Ẹ dákun, ṣé òótọ́ ni pé ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ wà ní Gao?

ÀǹtíAwalẹ̀
Òótọ́ ni! Abidemi Babalola walẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2011 àti 2012, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ló jáde. Wọ́n yẹ èròjà inú gíláàsì náà wò, láìmù (èyí tó wà nínú òkúta ẹfun) àti alúmínà (èyí tó wà nínú amọ̀) pọ̀ nínú ẹ̀, kò jọ ti Lárúbáwá tàbí ti Íńdíà, èyí ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ifẹ̀ gangan ni wọ́n ti ń ṣe é. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ti jáde ní Gao àti ní Essouk, ìlú àtijọ́ kan ní Màlì. Ìyẹn ni pé nígbà tí mábù ń ti Sípéènì bọ̀ lápá àríwá, nǹkan tiwa náà ń gòkè lọ láti gúúsù.

IfẹOòyè
Haa! Mò ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù ìdílé wa báyìí.

AlfaSàká
Essouk tí àǹtí dárúkọ yẹn, òun ni Tadmakka. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan wà tí wọ́n kọ sára àpáta níbẹ̀, ọdún 404 Hijira ló wà lára ẹ̀, bíi 1013. Kò tíì sí àkọsílẹ̀ tó ní déètì tó pẹ́ jùyẹn lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Al-Bakri, ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá kan, sì kọ ọ́ ní 1068, láti Andalus, ìyẹn Sípéènì àwọn Mùsùlùmí, tí kò kúrò rí, pé owó wúrà Tadmakka ò ní òǹtẹ̀. Sam Nixon walẹ̀ níbẹ̀ ní 2005, ó bá àwọn mọ́ọ̀dù amọ̀ tí wọ́n fi ń da owó wúrà náà, wúrà ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn. Nítorí náà bàbá Ìwó, ìgbà mìíràn wà tí ilẹ̀ ń jẹ́rìí sí ìwé o.

BàbáÌwó
Ẹn-ẹ́n, ìyẹn dáa. ỌmọIléKéú, tó o bá kọ ọ́ tán, fi ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ wo ohun tó o sọ nípa Al-Sa'di.

ỌmọIléKéú
Ẹ máa gbà á bàbá. Àǹtí, ṣé ìwé Farias yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

ÀǹtíAwalẹ̀
Wá a ní láíbìrì yunifásítì tó bá tóbi. Ó wúwo o, fọ́tò àwọn òkúta pọ̀ nínú ẹ̀, Lárúbáwá inú ẹ̀ sì wà níbẹ̀, o lè fojú ara ẹ kà á.