Ọkọ mi kì í kúrò lóko láti àárọ̀ dalẹ́, ibo ni ikùn yìí ti wá?

Ìyàwó Àgbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì fẹ́ dá a rò mọ́.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ kan. Kì í ṣe oko tiwa, oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó fún un. Ọmọ ọdún 46 ni. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jáde, ilẹ̀ á ti máa ṣú kó tó wọlé. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sanra rárá, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́rin ni ikùn rẹ̀ ti ń yọ síwájú, ó sì le bí awọ ìlù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kí i pé owó ti ń wọlé. Èmi náà, kí n má purọ́, inú mi ń dùn sí i, torí wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn elétò ìlera wá yẹ àwọn òṣìṣẹ́ oko wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ikùn rẹ̀ jẹ́ íńṣì 41. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 146 lórí 92. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó tó fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, jẹ́ 114. Wọ́n ní kó lọ rí dókítà. Ó ní òun ò lọ, pé àìsàn àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì nìyẹn, ta ló ti rí àgbẹ̀ tó ní ìtọ̀ ṣúgà rí?

Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n fẹ́ se àgbo. Aládùúgbò wa kan ń ta tíì kan tó ní ó ń fa ikùn wọlé. Ẹlòmíì ní ká jáwọ́ nínú gàrí. Ìjẹ̀bú ni wá, báwo la ṣe fẹ́ jáwọ́ nínú gàrí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀, kó là mí lọ́yẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ṣàgámù:
Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín dàrú, ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀ o.

Ọ̀rá tó wà nínú ara pín sí méjì. Èyí tó wà lábẹ́ awọ la lè fi ìka fún mú. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká, òun ló ń jẹ́ kí ikùn le bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá, ẹ̀dọ̀ ló ń gbà á tààrà, ọ̀rá náà á sì máa dà sí ẹ̀dọ̀ lára. Bó bá pẹ́, ara ò ní gbọ́rọ̀ sí insulin lẹ́nu mọ́, insulin yìí ló sì yẹ kó máa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ìfúnpá á máa tẹ̀ lé e, kò sì ní dun èèyàn níbì kankan. Ìdí nìyẹn tí apá àti ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín ò fi yẹ kó tàn yín.

Fún ọkùnrin, bí ikùn bá ti kọjá íńṣì 40, ewu ti pọ̀. Fún obìnrin, íńṣì 35. Àwọn dókítà míì tilẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti 37 fọ́kùnrin, 31 àti ààbọ̀ fóbìnrin. Ṣúgà 114 kò tíì jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, torí 126 ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó tó 100. Ó ti wà lójú ọ̀nà, ó ṣì lè yí padà. Ìfúnpá náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ méjì mẹ́ta tó yàtọ̀ síra.

Ohun kan wà tó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ikùn ńlá ni ọ̀rá. Bó bá jẹ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló wú, tí ẹsẹ̀ wú pẹ̀lú, tàbí tí ẹyinjú ń pọ́n rúsúrúsú, omi ló lè wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì lè níṣòro. Ìyẹn ò gba ìdúró títí di ọ̀la.

Fọ́ọ̀mànù Oko, Ìkẹ́nnẹ́:
Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ tinú oko, torí àwọn nọ́ọ̀sì ò dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọkọ́ la fi ń roko. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ, ẹsẹ̀ la fi ń bọ̀, orí la fi ń ru ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá kọ ebè 200 lọ́jọ́ kan, òkèlè yòówù kó gbé mì ní alẹ́, ara rẹ̀ ti jó o tán. Lónìí ńkọ́? Ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ìdí oko. Katakata ló ń tulẹ̀. Oògùn apagbó la ń fín, ẹnì kan á gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, kó tó di ọ̀sán ó ti fín ilẹ̀ tí èèyàn mẹ́rin ì bá fi ọjọ́ méjì ro. Lẹ́yìn náà, abẹ́ igi ló kù. Ẹni tó sì jẹ́ alábòójútó, ó ń fi ọwọ́ júwe ni. Mo mọ̀, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òkèlè kò yí padà. Èyí tí àwọn bàbá wa ń jẹ nítorí ọkọ́ ni àwa ń jẹ nítorí ọ̀kadà. A tún wá fi mínírà tútù lé e, ohun tí bàbá mi ò fi ẹnu kàn àfi lọ́jọ́ ọdún. Ní oko wa níbí, obìnrin tó ń gbé mínírà wá tètè ń tà ju ẹlẹ́wà lọ.

Ìyá Alágbo, Òde Rẹ́mọ:
Ẹ má bú jẹ̀díjẹ̀dí o. Tìtorí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń sọ tipẹ́ pé ká ṣọ́ra fún ohun dídùn, ìkìlọ̀ yẹn ò burú. Mo ń ta àgbo, mo sì ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kò sí egbò igi tó lè ran ẹni tó ń mu ṣúgà lójoojúmọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga, mi ò ní rẹ egbò sínú ọtí fún un láé. Ẹ sọ fún ìyá ọkọ yín pé èmi ẹgbẹ́ wọn ni mo wí bẹ́ẹ̀: kí ọmọ wọn kọ́kọ́ rí dókítà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Tíì yẹn, ẹ má fẹnu kàn án. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń sáré lọ sí ilé ìgbẹ́. Ikùn mi wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ṣàgámù:
Bẹ́ẹ̀ ni. Oògùn ìyàgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú irú tíì bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ àti omi ló ń jáde, ọ̀rá ò mira. Ìyá Alágbo, ẹ ṣeun gan-an, mà.

Ìyàwó Àgbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀rọ̀ yín bà mí. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn gan-an ni wọ́n fi ọkọ mi ṣe alábòójútó, tí wọ́n gbé ọ̀kadà fún un. Òótọ́ ni pé ó ń wà lóko láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n wíwà lóko àti ríroko, mi ò yà wọ́n sọ́tọ̀ rí.

Oúnjẹ rẹ̀ nìyí, mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá. Láàárọ̀, kì í jẹun, pàràgà ife kékeré kan ló ń mu kó tó wọ oko. Lọ́sàn-án, gàrí tútù pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà, mínírà kan, nígbà míì méjì. Nígbà tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, èbà, tó kún àwo dáadáa. Èmi ni mò ń rọ̀ ọ́. Bí mo bá dín in kù, á ní ṣé owó oúnjẹ ti tán ni. Kò ní pẹ́ sí i, ó ti sùn.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì, Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ sọ fún un pé télọ̀ ló tú àṣírí tèmi. Ọdọọdún ni a máa ń rán aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, télọ̀ wa sì ń kọ ìwọ̀n gbogbo wa sínú ìwé kan. Lọ́jọ́ kan ó ṣí i fún mi: 36, 37, 39, 42. Mo ń bá a jà pé ṣòkòtò 36 ṣì ń wọ̀ mí. Ó ní, "Bàbá, abẹ́ ikùn lẹ ń so bẹ́líìtì mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n bá ṣúgà àti ìfúnpá níbẹ̀ bíi ti ọkọ yín.

Mo jáwọ́ nínú mínírà lọ́jọ́ náà. Mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko ẹ̀gẹ́ mi kékeré láràárọ̀, ìrìn ìdajì wákàtí. Ó lé lọ́dún kan kó tó di 38. Kò yá, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ṣúgà mi ti wá sí 96.

Aya Bàbá Kòkó, Ìperu:
Àbúrò mi, ọkùnrin ò fẹ́ kí wọ́n bu oúnjẹ rẹ̀ kù lójú rẹ̀. Má dín àwo kù. Jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹja kún ún, kí èbà wà létí kan. Bu irú oúnjẹ kan náà fún ara rẹ, kó má rò pé òun nìkan lò ń fìyà jẹ. Ẹ̀wà ni kó máa gbé lọ sóko. Èmi ń gbé e sínú kúlà fún tèmi.

Nọ́ọ̀sì, Ṣàgámù:
Ó ti tán síbẹ̀. Gàrí kì í ṣe májèlé. Gàrí Ìjẹ̀bú tilẹ̀ kan dáadáa, kò bẹ̀bẹ̀ fún ṣúgà, ẹ jẹ́ kó fi ẹja tàbí kúlíkúlí mu ún, ìkúùkù kan péré, kó má ṣe lójoojúmọ́. Ìkọ́kọrẹ́ àti èbìrìpò náà, ìwọ̀nba ni. Pàràgà àárọ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹ dín iyọ̀ àti màgí kù nítorí ìfúnpá. Bó bá lè jẹun alẹ́ ní aago méje, kó jẹ ẹ́. Kó fi ọ̀kadà sílẹ̀ fún ìdajì ọ̀nà, bó ṣe lọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bó bá wọn kílò 90, tí ó dín kílò márùn-ún péré kù, ṣúgà àti ìfúnpá á ti mọ̀ ọ́n lára.

Bí ẹ bá fẹ́ máa wò ó nílé, ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ okùn náà sí méjì. Ó yẹ kí ìdajì yẹn lè yí ikùn ká. Àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìgbáròkó ni kí ẹ gbé e gbà, kó mí jáde, kó má fa ikùn wọlé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti wọn tiyín?

Ìyàwó Àgbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n tán. Okùn ọkọ mi ò pàdé, ó ku nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ ọwọ́ ọmọ wa. Tèmi náà ò pàdé. Téèpù ní 37. Ìdí agbada gàrí ni mò ń jókòó sí láti àárọ̀, mò ń tọ́ ọ wò bí mo ti ń dín in, ó dà bíi pé mi ò kà á mọ́ oúnjẹ.

Mo fi okùn méjèèjì hàn án. Ó wò wọ́n títí, kò sọ nǹkan kan. Ó wá ní bí èmi náà á bá jẹ́ kí wọ́n gún mi níka, òun á lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. A ò ní jẹun kí a tó lọ, ó sì ní ká fi ọ̀kadà sílẹ̀ nílé.