Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tó ní pésímékà láyà (ẹ̀rọ kékeré tó ń ta iná mànàmáná díẹ̀ sí ọkàn kó lè máa lù déédéé), kí lojú yín rí?

Àkànbí Ọmọ Màmá:
Ẹ kú ilé o. Oṣù méjì rèé tí wọ́n fi pésímékà sí màmá mi láyà. Tẹ́lẹ̀, ìlù ọkàn wọn kì í ju 38 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á dákú lórí ìjókòó. Ìyẹn ti dópin. Èmi gan-an ni mi ò tíì sinmi. Òru ni mo máa ń dìde lọ gbé etí lé wọn láyà, bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lánàá wọ́n lajú, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ lò ń gbọ́ ni àbí èmi?" Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é pẹ́, ẹ sọ tiyín.

Bọ́lá T:
Kí lẹ fẹ́ gbọ́? Kì í dún o! Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń sùn ti ọkọ mi, mi ò gbọ́ pẹ́ẹ́.

Ṣadé:
Ṣé wọ́n máa ń chájì í ni? Ẹ bá mi dáhùn ti ẹ̀rọ àyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfurufú náà, ẹ̀gbọ́n mi tó ní i láyà fẹ́ rìnrìn àjò.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá mi ni tèmi. Nígbà tí a ń kúrò ní ọsíbítù, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má gbé ọwọ́ òsì ga ju èjìká lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wáyà tó wọnú ọkàn má baà yẹ̀. Bàbá mi tó bá ti gbọ́ òfin! Wọ́n di ọwọ́ mọ́ra bí ẹni tí apá rẹ̀ kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń ki apá bọ ẹ̀wù fún wọn, èmi náà ni mò ń pariwo "Bàbá, ọwọ́ yín!" bí wọ́n bá ṣèèṣì nawọ́ sí fìlà. Nígbà tá a fi padà lọ, èjìká ti gan. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ bí aago, ọwọ́ ò lè kan orí. Oṣù márùn-ún la fi na apá yẹn lára ògiri, ìka méjì á máa gun ògiri lọ díẹ̀díẹ̀ bí aláǹgbá, àwọn náà á máa bú mi. Mo sì mọ̀ pé ariwo mi ló fà á.

Dèjì Oníwáyà:
Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, mà. Èmi gan-an ni mo ní i láyà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fẹ́ mú àwo lórí pẹpẹ, ìyàwó mi figbe ta, àwo bọ́, ó fọ́. Ọkàn mi ò ṣe nǹkan kan. Igbe yẹn ló fẹ́ pa mí.

Bọ́lá T:
😂😂 Ẹ̀yin ọkùnrin.

Nọ́ọ̀sì Fẹ́mi:
Ìyá Ìbejì, mo ti rí irú rẹ̀ tó pọ̀. Wọ́n ní kó má ga, wọn ò ní kó má mì. Ìgúnpá, ọrùn ọwọ́, ìka, ẹ máa lò wọ́n láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ ẹ bi àwọn tó ṣe tiyín. Ojú egbò ni kí ẹ máa ṣọ́. Tó bá pọ́n, tó wú, tó gbóná, tó ń ṣomi, ẹ má fi ohunkóhun pa á, ọsíbítù lọ́jọ́ náà ni. Tí òòyì bá tún padà, tàbí tí òsúkè ò bá lọ, ẹ tètè lọ.

Ṣadé:
Òsúkè kẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Fẹ́mi:
Bí wáyà bá yẹ̀, iná tó yẹ kó lọ sí ọkàn lè máa ta iṣan tí a fi ń mí.

Alàgbà K:
Wọ́n ní ẹni tó bá ní i kì í lè kú, pé ẹ̀rọ á ṣáà máa lu ọkàn lọ.

Dèjì Oníwáyà:
Ẹ fún mi ní méjì sí i nígbà náà.

Nọ́ọ̀sì Fẹ́mi:
Irọ́ ni, sà. Ẹ̀rọ kàn ń ta iná ni. Ọkàn tó ti kú ò ní dá a lóhùn.

Ṣadé:
Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí wọ́n tó sun òkú o, bátìrì rẹ̀ lè bú gbàmù nínú iná.

Àkànbí Ọmọ Màmá:
Ẹ̀yin èèyàn yìí, màmá mi ń bẹ láàyè o!!

Bọ́lá T:
Ẹ jẹ́ ká sọ ti fóònù. Àpò àyà ni ọkọ mi ń fi tiẹ̀ sí látọjọ́ yìí, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Dèjì Oníwáyà:
Ẹ bá a gbé e kúrò níbẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 15 ni wọ́n ní kó fi jìnnà, etí ọ̀tún ni mo sì fi ń gba ìpè. Àwọn fóònù kan ní òòfà lẹ́yìn. Tí òòfà bá sún mọ́ ọn jù, ẹ̀rọ ò ní wo ohun tí ọkàn ń ṣe mọ́, á kàn máa lu ìlù kan náà títí wọ́n á fi gbé e kúrò.

Bọ́lá T:
Ọdún mẹ́rin, Dèjì. Ọdún mẹ́rin!

Dèjì Oníwáyà:
Ọkọ yín ni, kì í ṣe tèmi.

Bàbá Rẹ̀mí:
Ṣadé, wọn kì í chájì í. Tí bátìrì bá fẹ́ tán, wọ́n á ti rí i níbi àyẹ̀wò, odindi àpótí kékeré yẹn ni wọ́n á pààrọ̀. Ti ìyàwó mi lo ọdún mẹ́sàn-án. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ariwo yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi odindi pésímékà sínú ara rẹ̀ ni Arne Larsson, ní Stockholm, nílẹ̀ Sweden, lọ́dún 1958. Ó máa ń dákú lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Else-Marie ìyàwó rẹ̀ ló ń yọ dókítà àti ẹnjiníà lẹ́nu títí wọ́n fi gbà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn ò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà lo pésímékà tó lé ní 20 kó tó kú ní 2001, lẹ́ni ọdún 86. Dókítà àti ẹnjiníà ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì, ẹ máa pariwo yín.

Dèjì Oníwáyà:
Ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ rí ibí yìí.

Àkànbí Ọmọ Màmá:
Ẹ ṣeun. Lálẹ́ àná mi ò lọ gbé etí. Ní aago mẹ́ta òru, ilẹ̀kùn mi dún. Màmá ni. Wọ́n ní àwọn ò rí mi, àwọn wá wò ó bóyá mo ṣì ń mí.

Ṣadé:
Pápákọ̀ òfurufú ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Fẹ́mi:
Kí wọ́n fi káàdì ẹ̀rọ hàn, kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà tó ń yẹ èèyàn wò bóyá irin wà lára rẹ̀ kọjá, kí wọ́n má dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò, kó má gbé e dúró lójú àyà.