Láti Abẹ́òkúta dé Lomé lórí Bajaj Boxer: mo ń fẹ́ ìmọ̀ràn

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi alùpùpù rìnrìn àjò jíjìn. Èmi àti àbúrò mi fẹ́ gun Bajaj Boxer 100cc kan ṣoṣo láti Abẹ́òkúta, kí a gba Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ wọ Kétu ní ilẹ̀ Benin, kí a sì ti ibẹ̀ gba Pobè, Àjàṣẹ́ àti Kútọnu dé Lomé. Owó wa kò tó nǹkan, nítorí náà ilé àwọn ojúlùmọ̀ ni a ó máa sùn.

Ìwé ọkọ̀ ló ń kọ mí lóminú jù. Mo mọ̀ pé Brown Card ti ECOWAS ni ìwé adójútòfò tí a nílò bí a bá ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá ní ilẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n máa ń fún alùpùpù kékeré? Bí orúkọ ẹni tí ó ta alùpùpù yìí fún mi bá sì wà lórí ìwé rẹ̀, ṣé lẹ́tà àṣẹ tó fún aṣọ́bodè, àbí kí n kọ́kọ́ yí i padà sí orúkọ mi?

Túúbù àti púlọ́ọ̀gì wà nínú ẹrù wa. Ṣé ó yẹ kí n gbé ṣéènì tuntun dání pẹ̀lú? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ sí Kétu láìpẹ́ yìí sọ fún mi bí ó ṣe máa ń rí nígbà òjò.