Owó-ìrànwọ́ HUD fún ẹ̀kọ́ àwọn olùdámọ̀ràn lórí ilé: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó ń dá aráàlú lámọ̀ràn lórí ilé l'Amẹ́ríkà. Àjọ kékeré tí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, fọwọ́ sí ni tiwa, òṣìṣẹ́ 3 la fẹ́ kọ́. Owó tí HUD yà sọ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í bọ́ sọ́wọ́ irú wa. Àwọn àjọ ńláńlá tó ń dá olùdámọ̀ràn lẹ́kọ̀ọ́, bíi NeighborWorks, ló ń gbà á, àwa a wá tọrọ sikọ́láṣíìpù lọ́dọ̀ wọn. Ìyẹn yé wa.

Ibi tó ta kókó ni owó-ìrànwọ́ kejì, èyí tí HUD ń fún àwọn àjọ fún iṣẹ́ ìmọ̀ràn gan-an. Ṣé ká kọ owó ìdánwò HUD tí olùdámọ̀ràn gbọ́dọ̀ yege àti owó ọkọ̀ sínú ètò ìnáwó rẹ̀, àbí ká dúró de sikọ́láṣíìpù? Ẹ̀yìn tí a bá náwó tán ni HUD ń dá a padà, àpò wa ò sì jìn. A ò sì gbọdọ̀ gba owó ìnáwó kan lọ́nà méjì.

Ẹ̀ka 6 ni ìdánwò náà ní, òfin tó ka ẹ̀tanú léèwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ fi ń múra ẹni tuntun sílẹ̀? Yíyege nìkan kò kúkú tó: àfi kí àjọ jẹ́rìí lórí FHA Connection, ìkànnì HUD lórí ayélujára, pé òṣìṣẹ́ òun ni ẹni náà. Ta lẹ ń fi ìyẹn lé lọ́wọ́?