Ọmọ oníkọ́ fée ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọyẹ́, ẹ gbà mí o!

Ìyá Dèjì (Lọ́ńdọ̀nù): Ẹ̀yin ará ilé, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Kérésì. Ìyá ọkọ mi wá ní ọyẹ́ ti dé, wọ́n tún ń sun igbó lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Dèjì sì ní ikọ́ fée. Ṣé kí n ṣì gbé e lọ?

Bọ̀ọ̀dá Làmídì (Toronto): Ẹ má kó ínhélà, oògùn tí ọmọ ń fà sẹ́nu, sínú báàgì ńlá o! Báàgì tiwa kò bá wa dé. Àyà ọmọ ń súfèé lóru, owó tí mo fi wá òmíràn, ìyàwó mi ò tíì gbọ́ iye rẹ̀ dòní. Ẹ mú un lọ́wọ́, àti ike tí wọ́n fi ń fà á.

Àǹtí Ṣadé (Manchester): Kó má sì fo ínhélà aláwọ̀ búráwùn, ìyẹn tojoojúmọ́. Ara ọmọ tèmi le, mo ní kó sinmi oògùn. Ọsibítù la ti ṣe ọdún tuntun.

Ọmọ Ṣọ̀ún (Dublin): Èmi ti fèrèsé pa mọ́ eruku, mo tan kọ́ìlì ẹ̀fọn. Ikọ́ ọjọ́ náà, háà!

Bọ̀ọ̀dá Làmídì: Kọ́ìlì kẹ̀? O sá fún eruku, o wá dá èéfín sí yàrá ọmọ!

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ṣé kí ibà wá mú un ni?

Àǹtí Ṣadé: Nẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ọmọ Ṣọ̀ún: Nínú ooru yẹn? Ẹ ti pẹ́ lókè òkun.

Àǹtí Ṣadé: Ooru wo, lóru ọyẹ́? Ìwọ gan-an lo ti gbàgbé ilé. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni kí Ìyá Dèjì ṣọ́. Yàrá tó jìnnà sí i ni kí ọmọ sùn.

Akin Ọ̀yọ́ (Leeds): Ẹ gbé e wá sí Ọ̀yọ́ jàre. Eruku Ògbómọ̀ṣọ́ kò yàtọ̀ sí láfún wọn.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Láti aṣálẹ̀ Bodélé ní Chad ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku bọ̀. Ṣé tó bá dé Ọ̀yọ́, á yí padà ni?

Akin Ọ̀yọ́: Á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Aláàfin ná.

Bọ̀ọ̀dá Làmídì: Lọ́ńdọ̀nù náà ńkọ́? Ní 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin wà lára ohun tó pa Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún 9, ní Lewisham.

Àǹtí Ṣadé: Ẹ̀yin ará Toronto, èéfín igbó oṣù kẹfà 2023 ńkọ́?

Bọ̀ọ̀dá Làmídì: A rí i! Ìbòmú N95 la lò, aṣọ lásán kì í dá èéfín dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbà mí gbọ́, òórùn yẹn mú mi rántí oko bàbá mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ìyá Dèjì: Ẹ̀gbọ́n, Dèjì ńkọ́?

Àǹtí Ṣadé: Ẹ bi dọ́kítà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Kó kọ ọ́ síwèé, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe bó bá gbé e dé.

Akin Ọ̀yọ́: Bẹ́ ẹ bá lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra láfún bọ̀.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Eruku wa lo fẹ́ jẹ yẹn o!