Torque converter wo ni kí n rà fún Chevelle 1970 mi? Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi

Bàbá Chevelle, Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Corolla tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù níbí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibòmíràn tí mo ti lè fi èdè mi sunkún. Mo ní Chevrolet Chevelle 1970, ẹ́ńjìnnì 350 V8, gíà ọ́tò. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà ní 1998, ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Ọ̀gá wa ní ọ̀kan. Ọjọ́ tó ní kí n gbé e wọlé ni mo búra pé èmi náà á ní tèmi, ó sì gbà mí ní ọdún 21. Mo kùn ún ní pupa, mo rán ìjókòó rẹ̀ tuntun, mo dá chrome rẹ̀ padà kó máa dán bíi dígí.

Lóṣù tó kọjá ni mo gbé e fún mẹkáníìkì kan pé kó bá mi pààrọ̀ camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì. $2,800 ló gbà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, ó ń dún gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fà á sí D báyìí, ó á gbọ̀n, ó á kú. Tí iná adarí ọkọ̀ bá dá mi dúró, ẹsẹ̀ òsì mi á wà lórí bíréèkì, ọ̀tún á máa fi iná sí i kó má bàa kú. Lọ́jọ́ Àìkú ó kú lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, tèmi ti agbádá. Ìyàwó mi ní kí n kúkú san owó orí ọkọ̀ náà, kí òun mọ̀ pé òun ti ní orogún.

Mẹkáníìkì ní torque converter, ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà ọ́tò, ni mo máa pààrọ̀. Kí ló dé tí àwọn èèyàn yìí kì í ṣe olóòótọ́? Ìgbéyàwó ọmọ mi ń bọ̀ ní Dallas, ọkọ̀ yìí ni mo fẹ́ gbé lọ. Stall mélòó ni kí n rà, 2,500 àbí 3,500? Ẹ dá mi lóhùn kíá.

Ìyá Ìbejì, London
Ẹ̀gbọ́n, ẹ tà á. Bàbá Ìbejì ní Mercedes 230E kan tó ti wà lábẹ́ tapólì níwájú ilé wa láti ọdún keje. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé "ó ku nǹkan kékeré kan." Ológbò ti bímọ sínú ẹ̀ rí.

Adé, Atlanta
Ẹ kú ìnáwó, sà. Ẹ ò tíì sọ ohun tí èèyàn lè fi dá yín lóhùn o. Páálí tó bá camshaft wá, kí ni wọ́n kọ sí i? Gíà náà, Powerglide oníṣísẹ̀ méjì ni àbí Turbo 350? Rear axle ńkọ́ (iye ìgbà tí driveshaft, ọ̀pá tó ti gíà lọ sí ìdí ọkọ̀, ń yí kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan), ṣé 2.73 ni, 3.08 ni, àbí 3.55?

Ìdí tí mo fi ń béèrè rèé. Ẹ wo torque converter bíi fáànù méjì tó kọjú síra wọn nínú ọ́ìlì. Ọ̀kan so mọ́ ẹ́ńjìnnì, èkejì so mọ́ gíà; ti ẹ́ńjìnnì á máa fi ọ́ìlì lu tèkejì títí òun náà á fi máa yí. Stator tó wà láàárín ló ń dá ọ́ìlì yẹn padà, tí agbára á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Stall ni ibi tí eré ẹ́ńjìnnì máa ń dé tí kò ní lè kọjá, bí ẹ bá di bíréèkì mú tí ẹ fi iná sí i. Ti ilé iṣẹ́ kì í sábà ju ìyípo 1,800 láàárín ìṣẹ́jú kan lọ. Camshaft ńlá ò lágbára nígbà tí eré ẹ́ńjìnnì bá wà nísàlẹ̀, torque converter yẹn sì dì í lọ́rùn mú. Ìdí nìyẹn tó fi ń kú.

Ọmọ Speed, Dallas
Kí ni gbogbo tíṣà yìí? 3,500 ni. Èmi lo 3,500 nínú Nova mi, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ò rí nọ́ńbà mi kà.

Adé, Atlanta
Nova tẹ́ ẹ fi ń sá eré ìdíje nìyẹn. Bàbá fẹ́ gbé tiwọn lọ síbi ìgbéyàwó. Stall tí wọ́n kọ sára páálí ò tiẹ̀ dúró sójú kan: torque kan náà, ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù á gbé e ga ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ.

Ọmọ Ládìpọ̀
Ẹ yọ gíà ọ́tò yẹn dànù, ẹ fi gíà ọwọ́ sí i. Peugeot 504 bàbá mi, Kàdúná ni wọ́n ti tò ó, gíà ọwọ́ ni, àwa mẹ́sàn-án ló ń kó láti Ìlọrin dé Èkó. Kò sẹ́ni tó béèrè stall.

Ìyá Ìbejì, London
Mẹ́sàn-án nínú 504? Ẹ kú orí ire.

Bàbá Chevelle, Houston
Àbúrò mi Adé, o ṣé. Turbo 350 ni. Ohun tó wà lára páálí ni 242/248 ní .050 (díìgírì tí fáàfù fi ń wà ní ṣíṣí, tí wọ́n wọ̀n ní ìgbéga .050 íńṣì), agbára láti 2,800 dé 6,800. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n tà á, Ọlọ́run á dárí jì yín. Ti rear axle, kí ló kàn án? Gíà ló ń yọ mí lẹ́nu, kì í ṣe ìdí ọkọ̀. Bíréèkì náà ti ń le láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Adé, Atlanta
Kì í ṣe ọ̀tọ̀ rárá, sà. Vacuum ẹ́ńjìnnì, ìyẹn bó ṣe ń fa afẹ́fẹ́, ló ń ran bíréèkì yín lọ́wọ́. Camshaft yẹn ti jẹ ẹ́ run. Ẹ má gbé e jáde mọ́ títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí.

242 nínú 350? Ti 9.0 compression (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) tó wọ́pọ̀ lọ́dún yẹn ò bá a mu rárá. Ẹ jáàkì ẹ̀yìn sókè, ẹ fi igi dí táyà iwájú, ẹ fi nǹkan tó dúró ṣinṣin sábẹ́ ọkọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ fi gíà sí N. Ẹ jẹ́ kẹ́nìkan di táyà ẹ̀yìn kan mú, kẹ́ ẹ yí èkejì ní ìgbà méjì gééré. Iye ìgbà tí driveshaft bá yí ni nọ́ńbà rear axle yín, bí kì í bá ṣe Positraction, irú èyí tó ń yí táyà méjèèjì pọ̀. Ta ló sì yan camshaft náà?

Bàbá Chevelle, Houston
Ọmọ mi ọkùnrin bá mi di táyà mú. Driveshaft yí lẹ́ẹ̀mejì àbọ̀ ó lé díẹ̀, kò pé mẹ́ta. Kí n má purọ́, mo ti ra 3,500 náà láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo ti ṣí páálí rẹ̀, wọn ò ní gbà á padà. Mo kàn fẹ́ kẹ́nìkan sọ fún mi pé mo rà á dáadáa ni.

Ọmọ Speed, Dallas
Ẹ rà á dáadáa!

Adé, Atlanta
Ẹ ò rà á dáadáa, sà. Ẹ má bínú. 2.73 nìyẹn. Ká ní táyà yín ga tó íńṣì 26: ní máìlì 65 láàárín wákàtí, ẹ́ńjìnnì ò ju nǹkan bíi 2,300 lọ. Torque 3,500 á máa yọ̀ ni láti Houston dé Dallas, bíi máìlì 240, gbogbo ìyọ̀ yẹn á sì di ooru. Tí ọ́ìlì bá ti ń kọjá 240°F, ó ń jóná nìyẹn. Tó bá ti dúdú, tó sì ń rùn bí àkàrà tó jó, gíà ti ń lọ.

Ìyá Ìbejì, London
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò dáhùn. Ta ló yan camshaft?

Bàbá Chevelle, Houston
Èmi ni. Mẹkáníìkì mú kékeré kan jáde, mo ní rárá. Mo ti rí fídíò ọkọ̀ kan tó ń dún gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, mo ní ohùn yẹn ni mo fẹ́. Ó ní á kan torque, á kan rear axle. Mo ní kó má fìyẹn gba owó lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì, London
Ẹ wá pe ọmọ ọlọ́mọ ní aláìṣòótọ́!

Adé, Atlanta
Ó tó, mọ̀mí. Ọ̀nà méjì ló kù. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ohùn yẹn dandan, ẹ ra 3.55, torque bíi 3,000, àti cooler ńlá fún ọ́ìlì gíà, kẹ́ ẹ wá ojútùú sí vacuum bíréèkì. Ní máìlì 65 yẹn, ẹ́ńjìnnì á ti máa yí tó 3,000, ìyàwó yín ò sì ní gbọ́ ohun tẹ́ ẹ bá ń sọ. Bó bá jẹ́ Dallas ni ẹ ń lọ, ẹ padà sí camshaft kékeré, bíi 214 ní .050, kẹ́ ẹ fi torque tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ flat tappet ni (èyí tí lifter rẹ̀, irin kékeré tí camshaft ń gbé sókè, ò ní róólà), lifter tuntun ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sá tó 2,000 fún ogún ìṣẹ́jú nígbà àkọ́kọ́ tó bá tan, láìjẹ́ kó sìlóò.

Bàbá Chevelle, Houston
Mo ti pe mẹkáníìkì. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kí n tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní camshaft kékeré yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ, òun mọ̀ pé mo ń bọ̀. Ta ló wá fẹ́ ra torque 3,500 tí kò tíì kan ọ́ìlì rí?

Ọmọ Ládìpọ̀
Èló lẹ máa gbà? Ẹ má pè é ní dọ́là o.