Wàrà ni àbí wàràkàsì? Lórí ọ̀rọ̀ tí à ń wá fún ṣíìsì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìdáná fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ oúnjẹ sísè ní Yábàá ló bi wá pé kí ni ká máa pe ṣíìsì (cheese) ní Yorùbá. Èsì mẹ́rin ló ti rí gbà. Ẹ̀gbọ́n wa ará Èbúté Mẹ́ta ní kó kọ ọ́ ní ṣíìsì, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹnìkan ní "wàrà dídì". Olùkọ́ wa àgbà ní wàràkàsì ló wà nínú Bíbélì, pé òun ló tọ́. Ìyá wa ará Agége wá béèrè pé kí ló dé tí wàrà lásán kò fi tó. Ọ̀dọ̀ ìyá wa ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní Èkó níbí, bí obìnrin kan bá ru bàsíà kọjá, tó ń polówó wàrà, kò sẹ́ni tó máa gbé ife jáde. Àwo là ń gbé jáde. Ohun funfun rírọ̀ tó jókòó sínú omi ara rẹ̀ là ń retí. Èyí tí a ń mu, mílíìkì là ń pè é. Inú ìwé ni wàrà tó jẹ́ ohun mímu kù sí jù, bíi ti ilẹ̀ tó ń ṣàn fún wàrà àti fún oyin. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan pé òǹkàwé á ṣi wàrà gbọ́ sí mílíìkì kò tó bí wọ́n ṣe rò.

Wàrà tilẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ màlúù nìkan. Ẹ wo wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ẹ̀kán mílíìkì kan nínú rẹ̀. Sóyà ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n gbé kaná, tí wọ́n mú kó dì. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó ń tà á rí i pé omi funfun kan dì, wọ́n sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ohun tó kù ṣeé gé, ni wọ́n bá pè é ní wàrà. Ohun tí ṣíìsì jẹ́ gan-an nìyẹn níbikíbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Oje ewé bòmubòmu ni àwọn Fúlàní ń fi sínú mílíìkì lórí iná kó lè dì. Ohun tí wọ́n ń fà yọ nínú ikùn ọmọ màlúù tó ṣì ń mu ọmú ni àwọn ará Yúróòpù ti ń lò láti ayébáyé. Oje yàtọ̀ sí oje, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

"Wàrà dídì" ò lè ṣiṣẹ́ ní tèmi. Bí ẹ bá sọ pé nǹkan dì fún ọmọ Èkó òde òní, fìríìsà lọkàn rẹ̀ ń lọ. Ní ti ṣíìsì, mi ò bá a jà. Bọ́tà àti búrẹ́dì náà wọlé báyìí, a sì ń fi wọ́n jẹun láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ṣíìsì bá onílé nílé.

Wàràkàsì ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ jẹ́ ká fetí sí i dáadáa: wàrà, kàsì. Ìkàsì ni oúnjẹ àná tó sùn mọ́jú. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní Lafiaji kì í da ẹ̀bà ìkàsì nù. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á bu ọbẹ̀ gbígbóná lé e. Ọbẹ̀ ìkàsì wá ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé ata àti irú ti wọnú ara wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Wàrà tó ti sùn ni etí mi ń gbọ́ nínú wàràkàsì. Ẹnìkan ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé wagasi tí wọ́n ń jẹ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ni. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ẹbí, mi ò ní bá a jiyàn. Àmọ́ ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ ti wá, ohun tí etí Yorùbá bá gbọ́ nínú rẹ̀ ló máa ń bá wa gbé.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Ṣíìsì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, ọ̀nà tó là sí méjì sì bá ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí mu rẹ́gí. Èyí tí wọ́n ń jẹ ní tútù, láì tẹ́ ẹ sùn, wà: wàrà àwọn Fúlàní, paneer àwọn ará Íńdíà, mozzarella àwọn ará Ítálì. Ẹ pe ìwọ̀nyẹn ní wàrà. Èyí tí wọ́n ń tẹ́ sùn fún oṣù tàbí ọdún tún wà. Parmigiano Reggiano ti ilẹ̀ Ítálì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Parmesan, kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 12 kí wọ́n tó tà á. Cheddar, tó gba orúkọ abúlé kan ní Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń pẹ́ lórí pẹpẹ kó tó mú lẹ́nu. Roquefort ti ilẹ̀ Faransé, mílíìkì àgùntàn ni, inú ihò àpáta ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kó hu ni. Wàràkàsì ni gbogbo ìyẹn.

Dáfídì wà lẹ́yìn mi níbí. Wàràkàsì mẹ́wàá ni Jésè bàbá rẹ̀ ní kó gbé lọ fún olórí ogun. Ohun tí èèyàn ń gbé rìn láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ sójú ogun gbọ́dọ̀ lè fara da oòrùn. Wàrà Agége á ti kan kó tó débẹ̀. Òótọ́ ni pé olùkọ́ wa lè fi Jóòbù dá mi lóhùn: Jóòbù ní Ọlọ́run mú òun dìpọ̀ bíi wàràkàsì, dídì nìkan nìyẹn ń sọ, kò sí oorun kankan níbẹ̀. Mo gbà. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kò pín in bí mo ṣe ń pín in yìí. Àwa ni iṣẹ́ wá kàn báyìí, torí pé nígbà tiwọn, wàrà oríṣiríṣi kò tíì kún inú fìríìjì àwọn ṣọ́ọ̀bù Lẹ́kí àti Ìkẹjà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnu pẹ̀lú. Wàrà díndín ni mo fẹ́ràn jù láyé yìí, kí wọ́n gé e nínípọn, kí wọ́n dín in títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi pọ́n, kí wọ́n wá dà á sínú ọbẹ̀ ata. Kì í yọ́ nínú epo. Mozzarella ńkọ́? Ó ń yọ́, ó sì ń fà bí ilá. Bí ìwé ìdáná bá kàn sọ pé "fi wàrà sí i", tí ọmọ náà lọ ra ti Fúlàní sórí písà, á dúró títí, kò ní yọ́. Cheddar ní tèmi, àárín búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò ni mo ń gé e sí, ooru búrẹ́dì á sì rọ̀ ọ́ díẹ̀.

Àbúrò mi, níbi tí ìwé rẹ ti sọ mozzarella, kọ "wàrà mozzarella, èyí tó ń yọ́". Níbi tó ti ní kí wọ́n rin Parmesan sórí màkàróní, kọ "rin wàràkàsì Parmesan lé e". Bí ìwé kò bá sọ irú èyí tó jẹ́, wàrà ni kó o kọ. Bí àwọn ọmọ Yábàá yẹn bá ń kà á, kọ ohun tí wọ́n bá pè é ránṣẹ́ sí wa, pàápàá èyí tó hu. Mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ìyẹn.